Ìgbẹ́ Màlúù Ìyá Kareemah àti Agbádá Ọ̀gá Àgbà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó yáa tètè jẹ ẹ́ tán, torí ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ màlúù ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì ní bu iyọ̀ sí i nítorí ọ̀fun ẹnì kankan.

Ọkùnrin kan wà ní Ìwó níbí tó ń jẹ́ Gàníyù Àyànbádéjọ. Ẹ gbà mí, mo ti ṣẹ̀. Orúkọ ẹ̀ ò mọ bẹ́ẹ̀. Olóyè Alhaji Ọ̀mọ̀wé Gàníyù Àyànbádéjọ ni, Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Àjọ Ìmúdára Ilẹ̀ Oko. Tó o bá fo ọ̀kan níbẹ̀, á ní kó o jáde kó o tún wọlé. Oyè tó jẹ yẹn, ìlú tó fi í jẹ ẹ́ ò sí lójú ọ̀nà ibì kankan. Ti Ọ̀mọ̀wé yẹn, ẹ jẹ́ ká rọra, ilé ẹ̀kọ́ tó fún un ò tíì rí ilé kọ́. Alhaji nìkan ló dájú, ìyàwó ẹ̀ ló sì mú un lọ.

Iṣẹ́ Àjọ yìí ò le rárá. Kí wọ́n máa wo ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀ Ìwó, Kuta, Olúpọ̀nnà àti Ilé-Ogbó, kí wọ́n mọ ohun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n látìgbà tí Àyànbádéjọ ti débẹ̀, òun gan-an ni wọ́n ń wò. Tí wọ́n bá ti gbọ́ hóònù mọ́tò ẹ̀ láàárọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ á tò sẹ́nu ọ̀nà bí àwo. Sunday ló máa ń gbé báàgì ẹ̀. Báàgì ọ̀hún ò wúwo, fìlà kejì nìkan ló wà nínú ẹ̀. Iṣẹ́ Sunday gan-an ni kó máa yin ọ̀gá. Tí ọ̀gá bá sín, Sunday á ní, "Ẹ ò gbọ́ bí wọ́n ṣe sín? Bí ẹni tó kàwé délẹ̀."

Tó bá jẹ́ orí fóònù ni ọ̀gá ti pè ọ́, o gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ kó o tó gbé e. Ohùn àkọ́kọ́ tó o máa gbọ́ ni, "Ṣó o ti wà nílẹ̀?" Òṣìṣẹ́ kan wà lórí ọ̀kadà lọ́nà Ilé-Ogbó lọ́jọ́ kan tí fóònù dún. Ó ní kí ọlọ́kadà dúró, ó sọ̀kalẹ̀, ó na ara ẹ̀ gbalaja sẹ́bàá títì. Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán, àwọn èèyàn ti pé jọ lé e lórí, wọ́n ń ka ìnnà lílláhì.

Nínú gbogbo èyí, ọmọbìnrin kan wà ní Àjọ náà tí wọ́n ń pè ní Kaothar. Ó kàwé nípa ilẹ̀, ó sì fẹ́ràn iṣẹ́ ẹ̀, àìsàn tí kì í sábà mú òṣìṣẹ́ ìjọba. Kaothar ló lọ sí Kuta tó rí àgbàdo Nimotallahi.

Nimotallahi, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Kareemah, ni olórí àwọn obìnrin kan tó pawọ́ pọ̀ dáko níbẹ̀. Ọdún méjì léra, àgbàdo wọn ń hù, ṣùgbọ́n ìlà funfun gbọọrọ ló ń wà lára ewé ẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n fi ẹfun fà á. Ọmọ tó bá so ò ju àtàǹpàkò lọ, eyín inú ẹ̀ á ṣí gbàgà-gbàgà bí ẹnu ọmọ tó ń pààrọ̀ eyín. Bàbá Adégòkè, olórí ìdílé tó ni ilẹ̀, ti wá sọ fún wọn pé, "Ẹ̀yin ìyá, mi ò bá yín jà o. Àmọ́ tó bá tún rí báyìí lọ́dún yìí, ẹ bá wa kúrò níbẹ̀. Àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ti ń bẹ̀ wá fún ilẹ̀ yẹn."

Kaothar fọwọ́ bu ilẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Ìyá Kareemah, ilẹ̀ yín ń jẹun, àmọ́ kò sí iyọ̀ nínú ọbẹ̀ ẹ̀. Ajílẹ̀ inú àpò tẹ́ ẹ̀ ń dà sí i, oúnjẹ ni. Àwọn èròjà wẹ́wẹ́ ni ò sí, síǹkì àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Díẹ̀ báyìí ni àgbàdo ń fẹ́ nínú ẹ̀, àmọ́ tí kò bá rí díẹ̀ yẹn, kò ní ṣe dáadáa."

"Níbo ni wọ́n ti ń rí i?"

"Ẹ̀yìn màlúù. Àwọn abo màlúù tí wọ́n ń fún wàrà wọn ní gáà Séríkí, ṣebí wọ́n ń lá kánún, wọ́n ń lá iyọ̀, wọ́n ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ àti koríko oríṣiríṣi? Èyí tí ara wọn ò lò nínú ẹ̀, ó ń bá ìgbẹ́ jáde."

Nimotallahi rẹ́rìn-ín. "Bàbá mi máa ń ní kí àwọn Fúlàní wá so màlúù mọ́ inú oko wa lẹ́yìn ìkórè. Olè la pe màlúù nígbà tá a dàgbà, la bá lé wọn."

Bó ṣe di pé látìgbà ọyẹ́ nìyẹn, àwọn obìnrin yẹn ń fi bàrò kó ìgbẹ́ láti gáà wá sí Kuta. Wọ́n kó o jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń wọ́n omi sí i, wọ́n ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, wọ́n ń yí i nísàlẹ̀ sókè, títí òórùn ẹ̀ fi lọ, tó dúdú kirikiri, tó ń fọ́ lọ́wọ́ bíi gàrí. Òjò àkọ́kọ́ nìkan ló kù.

Kaothar wá mú ìròyìn ayọ̀ yìí tọ ọ̀gá lọ.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ màlúù ni mo bá wá."

Àyànbádéjọ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀. "Ó wà lẹ́sẹ̀ ẹ ni?"

"Rárá sà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni."

"Kaothar, wo ògiri yìí. Wo fọ́tò mi. Ṣé ojú yẹn jọ ojú ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ ìgbẹ́?"

"Kò jọ ọ́, sà," Sunday ló dáhùn. "Ojú yẹn, wúrà ni wọ́n ń bá a sọ."

"Máa lọ, ọmọ yìí. Tó o bá délé, kó o wẹ̀."

Kaothar jáde. Kò jà. Olùkọ́ tó kọ́ ọ níléèwé ló pè ní Òṣogbo, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adùnọlá, obìnrin kúkúrú kan tó ń wá àwọn tó ń fi ìgbẹ́ màlúù wo ilẹ̀ sàn káàkiri ìpínlẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni fóònù Àyànbádéjọ dún. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní àwọn ti gbọ́ iṣẹ́ ribiribi tí wọ́n ń fi ìgbẹ́ màlúù ṣe lápá Ìwó, àwọn ń bọ̀ wá wò ó. Ibi tó bá dáa jù, ọ̀gá ibẹ̀ làwọn máa mú wá sí Òṣogbo kó wá ṣe olórí gbogbo wọn.

Àyànbádéjọ gbọ́ olórí, ó gbọ́ Òṣogbo, ara ẹ̀ yá gágá. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ìgbẹ́ màlúù kẹ̀? Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn ẹ̀."

Ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ẹ fọkàn balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó sọ, mi ò fi kún un.

"Ẹ̀yin èèyàn mi. Nígbà tí gbogbo ayé ń wo iwájú màlúù, èmi nìkan ṣoṣo ni mo ń wo ẹ̀yìn ẹ̀. Wọ́n ń wo ìwo, mo ń wo ìrù. Tí mo bá wo ilẹ̀ yìí, síǹkì ni mo ń rí. Tí mo bá wo síǹkì, ara mi ni mo ń rí. Ọ̀rọ̀ yìí, ojú oorun ni wọ́n ti fi hàn mí."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Sunday sunkún. Ó ní odídẹrẹ́ Ìwó pàápàá ò lè sọ̀rọ̀ dùn tó báyìí.

"Ó dáa. Tí àlejò bá ń bọ̀ nílé Yorùbá, kí la máa ń kọ́kọ́ ṣe?"

"A máa ń gbálẹ̀, sà."

"Ẹ lọ gbálẹ̀. Láti ibí dé Kuta, láti Kuta dé gáà. Tí mo bá rí ìdọ̀tí tó tó èékánná, ẹni tó ni ín á mọ̀ mí lọ́jọ́ náà. Kaothar, ìwọ lọ sí Òṣogbo, kó o lọ mú àwọn àlejò wá."

Ẹ ti ń rí ibi tó ń lọ, àbí? Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Kaothar ì bá ti sọ̀rọ̀, àmọ́ ó ti gbéra.

Nígbà tó ku ọ̀la, Sunday kó àwọn èèyàn ẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti ṣọ́bìrì, ó di gáà. Séríkí, olórí àwọn Fúlàní ibẹ̀, tí wọ́n bí sápá ibí tó sì gbọ́ Yorùbá ju Sunday lọ, jókòó sábẹ́ igi.

"Sunday, kí lẹ fẹ́ fi ìgbẹ́ yẹn ṣe?"

"A fẹ́ kó o dànù ni, Bàbá. Ọ̀gá ń bọ̀ wá wo ìgbẹ́ lọ́la."

Séríkí ní, "Tún un sọ."

"Ọ̀gá ń bọ̀ wá wo ìgbẹ́ màlúù. Kò wá yẹ kí wọ́n bá ìgbẹ́ nílẹ̀. Ìwọ̀sí ni."

Séríkí yíjú sí ìyàwó ẹ̀ tó ń se wàrà. "Gbé ìkòkò yẹn kalẹ̀. Wá gbọ́ nǹkan."

Wọ́n gbá gáà mọ́ tónítóní. Wọ́n fi ọṣẹ wẹ màlúù, wọ́n lẹ pọ́dà olóòórùn dídùn mọ́ wọn níwájú orí. Sunday tún ní kí wọ́n má fún wọn lóúnjẹ mọ́ títí ọ̀gá á fi wá, kí ọ̀kan má lọ ṣe ohun tí ò dáa níṣojú àlejò.

"Màlúù tó ń fún wa ní wàrà lẹ fẹ́ kó gbààwẹ̀?" Séríkí bèèrè. "Ràmàdáánì ti kọjá o."

"Àṣẹ ni, Bàbá."

Séríkí ò fẹ́ wàhálà. Ó ní kí wọ́n gbé èèpo ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn.

Láti ibẹ̀, wọ́n bá ọkọ̀ tipa Àjọ dé Kuta. Nimotallahi rí wọn, ó dúró síwájú òkìtì ẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Sunday, ọmọ dáadáa, gbé ṣọ́bìrì yẹn sílẹ̀. Oúnjẹ àgbàdo wa nìyí."

"Ìyá Kareemah, ẹ má bínú. Mọ́tò ọ̀gá máa gba ibí kọjá. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n gbójú sókè kí wọ́n rí ìgbẹ́ ni?"

"Kí ni wọ́n ń bọ̀ wá wò?"

"Ìgbẹ́."

"Kí lẹ wá ń kó lọ?"

"Ìgbẹ́."

"Sunday, ìyá ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, mà."

"Bá mi kí wọn. Sọ fún wọn pé mo bá wọn kẹ́dùn."

Wọ́n kó o lọ náà ni. Àwọn obìnrin yẹn jókòó sí ojú ibi tí òkìtì wà tẹ́lẹ̀. Ojú ọ̀run ti ń ṣú lápá Ilé-Ogbó, ọkùnrin tó ń mọ búlọ́ọ̀kù sì gba ibẹ̀ kọjá, ó ní ẹ kú ìdààmú, ó ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ bó ṣe ń lọ.

Jàmíù tó ń wa tipa bi Sunday pé, "Níbo ni kí n dà á sí?" Sunday ń so ríbọ́nnù mọ́ igi, kò wẹ̀yìn. Ó ní, "Ibi tó o máa ń kó nǹkan lọ."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Látìgbà tí Àyànbádéjọ ti dórí àga, tipa yẹn kì í ti oko bọ̀ lófìfo. Tó bá lọ yẹ ilẹ̀ wò ní Olúpọ̀nnà, iṣu ló máa gbé bọ̀. Tó bá lọ sí Ilé-Ogbó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Ibì kan ṣoṣo ló sì ń já gbogbo ẹ̀ sí. Jàmíù ò mọ ọ̀nà míì.

Ọ̀gá ò sì sí nílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó lọ sùn sí ilé àlejò ní Ilé-Ogbó, torí ibẹ̀ sún mọ́ gáà, kí agbádá ẹ̀ má bàa rún nínú mọ́tò.

Ilẹ̀ mọ́. Àwọn àlejò dé sí gáà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adùnọlá wọ bàtà rọ́bà, Kaothar ń tẹ̀ lé e. Àyànbádéjọ sọ̀kalẹ̀ nínú agbádá funfun báláú tó jẹ́ pé tó bá yà sọ́tùn-ún, apá òsì ẹ̀ á ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Nimotallahi àti àwọn obìnrin ẹ̀ dúró lẹ́yìn kánópì.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ wolẹ̀," Àyànbádéjọ ní. "Ṣé ẹ rí ìdọ̀tí kankan?"

"Mi ò rí."

"Iṣẹ́ wa nìyẹn."

"Ẹ kú iṣẹ́. Ìgbẹ́ náà dà?"

Gbogbo èèyàn yíjú sí màlúù. Àwọn màlúù náà wò wọ́n padà, pọ́dà níwájú orí, ebi nínú ikùn.

Àyànbádéjọ rọra sún mọ́ Séríkí. "Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n ṣe díẹ̀."

"Kí n sọ fún ta ni, Olóyè?"

"Àwọn màlúù."

"Wọn ò jẹun látàná. Àṣẹ yín ni."

Ọ̀kan gbé ìrù sókè. Gbogbo òṣìṣẹ́ dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Sunday sáré lọ, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ẹ̀. Eṣinṣin ni màlúù ń lé. Ó fi ìrù gbá Sunday létí, ó sì sọ ìrù kalẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ tún jókòó.

Ẹlòmíì ì bá ní ẹ jọ̀ọ́, a ṣàṣìṣe. Àmọ́ ọ̀gá wa ni mò ń sọ fún yín. Ó tún agbádá ẹ̀ gbé sí èjìká, ó gba máìkì.

"Ẹ̀yin àlejò pàtàkì, ẹ jẹ́ kí n là yín lóye. Àwọn èròjà tí à ń sọ yìí, wẹ́wẹ́ ni wọ́n. Ṣé ẹ lè fojú rí síǹkì? Ẹ ò lè rí i. Àwa ní Ìwó ti kúrò níbi tí àwọn èèyàn wà. A ti lọ ìgbẹ́ náà kúnná débi tí ojú ò fi lè rí òun náà mọ́. Òkìtì ẹ̀ ló wà níwájú yín yìí."

Àwọn òṣìṣẹ́ mi orí. Ọ̀kan gbé ẹsẹ̀ kúrò, kó má bàa tẹ̀ ẹ́. Òmíràn gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ yí po kó tó kọjá. Sunday fọwọ́ bomú, ó ní, "Ó ti jinná dáadáa, sà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adùnọlá wo ilẹ̀, ó wo ọ̀gá. "Kaothar, ìwọ ńkọ́, o rí i?"

"Rárá, mà. Èyí tí mo mọ̀, Kuta ló wà, ti Ìyá Kareemah. Ó ga tó àyà mi."

Nimotallahi jáde wá, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrìn, mà. Wọ́n ti kó o lọ lánàá. Ẹ wo ojú ọ̀run. Tí kò bá wọlẹ̀ kí òjò tó dé, àgbàdo wa á tún funfun, wọ́n á gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wa."

"Ta ló kó o? Ibo ni wọ́n kó o lọ?"

Wọ́n wo Sunday. Sunday wo Jàmíù, tó ń sùn nínú tipa. Wọ́n jí i.

"Ilé ọ̀gá ni mo dà á sí," Jàmíù ní, ó ń nu ojú. "Níbo ni mo tún máa ń kó nǹkan lọ?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ká lọ. Gbogbo wọn bá wọ Ìwó, mọ́tò lẹ́yìn mọ́tò, tipa lẹ́yìn pátápátá. Kí wọ́n tó débẹ̀, ará àdúgbò ti kún. Òkìtì náà wà lórí táìlì iwájú ilé ọ̀gá, ó dí ẹnu géètì pa. Alhaja, ìyàwó ẹ̀, wà lókè, kò lè jáde látàná. Ó ti pe ọkọ ẹ̀ títí. Bí ọkọ bá ti gbé e, á bi í pé ṣó ti wà lórí ìkúnlẹ̀, Alhaja á ní rárá, ọkọ á pa fóònù.

"Ẹ káàbọ̀ o," Alhaja ní láti òkè. "Wọ́n gbé iṣu wá, mi ò sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá, mi ò sọ̀rọ̀. Ṣé ohunkóhun tó bá ṣáà ti ti oko wá lẹ ó máa gbà ni?"

Àwọn ará àdúgbò ní hẹ̀ẹ̀n. Àwọn àlejò wo ara wọn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adùnọlá ti ki ọwọ́ bọ òkìtì. Ó bù ú, ó fọ́ ọ, ó gbóòórùn ẹ̀. "Èyí ti jinná. Mi ò tíì rí èyí tó dáa tó báyìí lọ́dún yìí. Ta ló ṣe é?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ilẹ̀kùn rèé tí wọ́n ṣí sílẹ̀ gbayawu fún ọkùnrin yìí kó gbabẹ̀ jáde. Àmọ́ Òṣogbo ti wọ̀ ọ́ lójú.

"Èmi ni," Àyànbádéjọ ní.

"Ẹ̀yin?"

"Èmi fúnra mi. Àràárọ̀ ni mo máa ń yí i, ọwọ́ mi yìí. Mo ní kí wọ́n gbé e wá sílé kí wọ́n má bàa jí i gbé ni."

Kaothar fẹ́ sọ̀rọ̀, Nimotallahi fọwọ́ tọ́ ọ. Ó wo ojú ọ̀run tó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó wo tipa tó ṣófo. Ó wo agbádá. Ló bá tún kúnlẹ̀.

"Òótọ́ ni, mà. Olóyè ló ń yí i fún wa. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n yí tó wọn. Wọ́n tún ṣèlérí pé lónìí gan-an làwọn máa fọwọ́ ara wọn kó o sínú tipa, kó lè padà sí Kuta kí òjò tó dé."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó, ó sì yé e. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tá a wá wò gan-an nìyẹn. Ẹ fún Olóyè ní ṣọ́bìrì."

Jàmíù ti gbé e dé.

Ó bu àkọ́kọ́, ìdajì ẹ̀ já sínú apá agbádá. Ó bu ìkejì, fìlà já. Sunday sáré wá ràn án lọ́wọ́.

"Sunday, má fọwọ́ kàn án," Nimotallahi ní. "Àbí o fẹ́ bá ọ̀gá ẹ du ògo ni?"

Sunday padà sẹ́yìn kíá. "Ògo ọ̀gá ni o. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe tẹ̀ ba. Bí ẹni tó kàwé délẹ̀."

Àyànbádéjọ bù ú títí. Funfun ara ẹ̀ di àwọ̀ igi. Ó rì dé orúnkún, gbogbo fóònù àdúgbò dojú kọ ọ́. Fídíò yẹn dé Òṣogbo kí tipa tó kúrò ní Ìwó. Nígbà tó kù díẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ̀, ó jókòó sínú ẹ̀ gbàgà.

"Ẹ gbà mí," ó ní. "Èmi kọ́ ni mo ṣe é. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń yí i. Ẹni tí wọ́n ń pè ní síǹkì yẹn, a ò pàdé rí."

"A mọ̀, Olóyè," Nimotallahi ní. "Ẹ máa bọ̀ lápá ọ̀tún, ó ku díẹ̀ níbẹ̀ yẹn."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn obìnrin Kuta tan ìgbẹ́ náà ká gbogbo oko, wọ́n fi ọkọ́ pò ó mọ́ ilẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kó ọkọ́ nílẹ̀ ni òjò já lulẹ̀.

Òṣogbo ò pe Àyànbádéjọ mọ́. Àwọn tó fi í sórí àga Àjọ ní kó lọ sinmi, wọ́n bi í léèrè iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n sì gbé Kaothar síbẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Kaothar wúkọ́, Sunday ní irú ikọ́ yìí, ẹni tó kàwé délẹ̀ ló ń wú u. Kaothar ní kó lọ jókòó kó ṣiṣẹ́. Sunday bi í pé iṣẹ́ wo. Ó ti pẹ́ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún un rí.

Nígbà tí àgbàdo ga dé èjìká, Bàbá Adégòkè mú ọkùnrin búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́, wọ́n wọ oko. Bàbá ń ṣí ewé wò ní poro dé poro, ó ń wá ìlà funfun. Ewé tútù yọ̀yọ̀. Ó tẹ ọmọ àgbàdo kan, ó kún fọ́fọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ọkùnrin búlọ́ọ̀kù kàn yí padà, ó ń lọ sójú títì.

"Ẹ jókòó sórí ilẹ̀ yín," Bàbá ní. "Àmọ́ ẹ sọ fún mi, Ìyá Kareemah. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ta ló bá yín kó o?"

"Ọ̀gá Àgbà Àjọ ni, Bàbá. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n fi ṣọ́bìrì kó o sínú tipa fún wa, tàwọn tagbádá."

Bàbá Adégòkè wò ó láti òkè délẹ̀. Bàbá ò ní fóònù tó ń gbé fídíò.

"Tó ò bá fẹ́ sọ fún mi," ó ní, "ṣáà sọ pé o ò fẹ́ sọ."